Ẹsẹ̀ Ti Yá, Ẹnu Ńkọ́?

Ìbéèrè méjì ni ará àdúgbò máa ń bi ìyá ọmọ ní Ojú Ore, ní ìlú Ọ̀tà, yálà ó jókòó ti ọjà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìdírókò ni o, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú Márúwá tó gbé e wá láti Sàngó. "Ìyá Àyọ̀, ṣé ó ti ń rìn?" Nígbà tó bá yá: "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?" Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń bi í. Ti ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wá. Bí ọmọ bá ti rìn, wọ́n á bá a yọ̀, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ parí nìyẹn; ó di oṣù mélòó kan sí i kí wọ́n tó wá béèrè ti ẹnu, bí ẹni tó wá sin gbèsè mìíràn. Bí ẹnu bá sì ń pẹ́, àwọn àgbà á ní kí ìyá fọkàn balẹ̀, pé ìrìn ló ṣì gba ọmọ náà lọ́kàn, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú dára, ṣùgbọ́n èyí kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ọmọ mu. Ọmọ kì í pa ẹnu tì kó tó lọ kọ́ ẹsẹ̀. Láti oṣù kẹta, ìkẹrin, ni ọwọ́, ẹ̀yìn, àgbọ̀n àti ẹsẹ̀ ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí ara ọmọ bá rí ohun tuntun ṣe ni ohun tó lè rí ń yí padà, tí ohun tó lè dì mú ń yí padà, tí ohun tí àwọn àgbà ń sọ sí i náà sì ń yí padà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo rò pé a kì í kà sí tó bó ṣe yẹ.

Ẹ wo ọmọ oṣù méje kan lábẹ́ agboòrùn ìyá rẹ̀ tó ń ta píọ́ wọ́tà àti bisikíìtì. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ike kékeré tí ìyá rọ àgbàdo díẹ̀ sí, tó dé lẹ́nu pinpin, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mì í, ó dún. Ó dúró, ó wo ike náà. Ó tún mì í. Ó fi gbá ẹní, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó tún mì í. Lásìkò yìí kan náà ni ẹnu rẹ̀, tó ti ń ṣe "aaa" àti "uuu" lásán láti ọjọ́ yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bà-bà-bà, mà-mà-mà, dà-dà-dà. Ìyá á sọ fún ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó ti ń pe bàbá rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ dà-dà-dà ló kọ́kọ́ wí, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé Dàda ló ń pè.

Kì í ṣe pé ọwọ́ àti ẹnu kàn ṣèèṣì bá ara wọn pàdé lọ́jọ́ yẹn. Esther Thelen, onímọ̀ ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, fara balẹ̀ wo ọmọ ọwọ́ 20 ní ilé wọn títí wọ́n fi pé ọdún kan, ó ń kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta ẹsẹ̀, tí wọ́n mi apá, tàbí tí wọ́n fi orúnkún àti ọwọ́ gbé ara sókè tí wọ́n ń mì síwá sẹ́yìn. Nígbà tó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1979, ó hàn pé olúkúlùkù àwọn ìmìra yìí ní àsìkò tirẹ̀, àti pé kété kí ọmọ tó lè pàṣẹ fún ẹ̀yà ara kan dáadáa ni ẹ̀yà náà máa ń mì jù. Jana Iverson gba ibẹ̀ kọjá: ó fi ohun ìṣeré tó ń dún lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ó sì rí i pé ní àkókò tí bà-bà-bà bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ máa ń mi nǹkan jù. Ní Japan náà, Keiko Ejiri rí ohun tó jọ ọ́.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bà-bà-bà kò tíì jẹ́ iṣẹ́ ahọ́n. Peter MacNeilage àti Barbara Davis ní Yunifásítì Texas ṣàlàyé pé àgbọ̀n ló ń ṣe é: ó ń pa dé, ó ń là, ohùn sì ń jáde lórí rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ń kọ́ nídìí ike àgbàdo ni àgbọ̀n náà ń kọ́, ìyẹn ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ nǹkan, kó ṣe é léraléra bákan náà, kó dá a dúró, kó sì gbọ́ ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ọmọ Yorùbá tiẹ̀ rí èrè jẹ níbí ju ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ, lójú tèmi. Kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ́lì kan, ni ọ̀pọ̀ jù nínú sílébù wa. A kì í to kọ́ńsónáǹtì léra, a kì í sì fi í pa sílébù dé. Ohun tí àgbọ̀n ọmọ kọ́kọ́ mú jáde ti jẹ́ sílébù Yorùbá tó pé pérépéré. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló kù, ọ̀fun ló sì ni ìyẹn. Etí tilẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí ẹnu tó gbà á: Phillip Harrison gbé ìwádìí kan jáde ní 2000 lórí ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, níbi tó ti rí i pé àwọn tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá nílé kì í fi etí kan náà gbọ́ lílọ sókè sódò ohùn pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìjókòó ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí, ó sì jẹ́ ibi tí àwọn ìyá àgbà wa ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀ fún wọn. Ní àárọ̀, ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kànrìnkàn, ọṣẹ. Lẹ́yìn ìwẹ̀, á fi òrí pa á lára. Á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn láti ọrùn wálẹ̀, á ká apá méjèèjì lé àyà, á nà wọ́n, á ká orúnkún mọ́ ikùn, á tún nà án. Bó ti ń ṣe é ló ń ki ọmọ, tó ń pe é ní Àjàní tàbí Àkànkẹ́, tó ń bi í ní ìbéèrè, tó sì ń fúnra rẹ̀ dáhùn. Ọmọ á bú sẹ́kún, á dákẹ́, á máa wo ẹnu rẹ̀. Bó bá ti pé oṣù mẹ́rin, ìyá àgbà á fi aṣọ yí i ká, á gbé e jókòó sáàárín, á dì í mú níbàdí. (Kí n sọ ọ́ níbí: mi ò fara mọ́ fífi apá kan tàbí ọrùn ẹsẹ̀ gbé ọmọ sókè, mi ò sì fara mọ́ jíjù ú sókè. Eegun ìgbọ̀nwọ́ ọmọ lè yẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le. Èyí tó kù, kí wọ́n máa ṣe é.)

Iṣẹ́ yìí ń so èso. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wo ọmọ 816 ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà láti mọ ìgbà tí ara ọmọ ń mú nǹkan ṣe, àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn ọmọ Accra ló sábà máa ń ṣíwájú, tí àwọn ti Nọ́wè sì ń kẹ́yìn. Ní 1976, Charles Super ti ṣàkíyèsí àwọn Kipsigis ní Kẹ́ńyà, tí àwọn ìyá wọn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọmọ ní ìjókòó àti ìrìn. Àwọn ọmọ náà tètè jókòó, wọ́n tètè rìn. Ìràkòrò, tí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, kò yá ju ti ọmọ ibòmíràn lọ. Ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà kọ́ ló ń sáré nígbà náà. Ohun tí a bá fi kọ́ ara ni ara ń gbà.

Kí wá ni ìjókòó fẹ́ ṣe fún ẹnu? Ọmọ tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja ń wo àjà àti fáànù. Bó bá jókòó, ọwọ́ méjèèjì bọ́. Ó lè gbé ìdérí ìkòkò sún mọ́ ojú, kó yí i wò, kó tì í bọ ẹnu, kó jù ú sílẹ̀, kó tún mú un, ìyá rẹ̀ tó ń wò ó á sì sọ pé, "Ìdérí nìyẹn. Má fi sẹ́nu. Gbé ìdérí náà fún mi." Orúkọ nǹkan dé etí ọmọ nígbà tí nǹkan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Klaus Libertus àti Dominic Violi tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan láti oṣù mẹ́ta, àbọ̀ wọn sì jáde ní 2016: àwọn tí wọ́n tètè mọ ìjókòó ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ yé pọ̀ jù nígbà tí wọ́n pé oṣù 10 àti oṣù 14.

A ò ní pẹ́ nídìí ìràkòrò. Àwọn ọmọ kan kì í rá rárá. Nínú àwọn 816 yẹn, bí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni kò fi ọwọ́ àti orúnkún rá kí wọ́n tó dìde. Ìrìn ló yí ayé ọmọ padà. Ẹni tó ń rá, ilẹ̀ ló ń wò. Kari Kretch, John Franchak àti Karen Adolph ní New York de ẹ̀rọ kékeré tó ń ya àwòrán ojú mọ́ àwọn ọmọ lórí, ohun tí wọ́n rí ní 2014 sì ni pé bí ọmọ bá ń rá, ilẹ̀ ló máa ń kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń rìn, á rí gbogbo yàrá, á rí ojú èèyàn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kì í sinmi. Adolph àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á ní 2012: nǹkan bí ìṣísẹ̀ 2,368 ní wákàtí kan, ó sì ń ṣubú nígbà 17.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé lọ́wọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ oṣù mẹ́tàlá kan ní àgbàlá ilé onírúúmù-ojú-kojú ní Ojú Ore rí sálúbàtà bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó ń rá, ibi tó bá ti bá a náà ni ì bá ti máa jẹ ẹ́. Ní báyìí, ó gbé e, ó ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ́n ìfọṣọ kọjá, ó nà án sí ìyá rẹ̀ tó ń fọṣọ. Ìyá rẹ̀ ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. "Ta ló ni sálúbàtà? Ti Dádì ni? Lọ dá a padà." Lana Karasik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ irú èyí sílẹ̀ ní ilé àwọn èèyàn ní New York. Àwọn ọmọ tó ń rìn ló ń gbé nǹkan láti ọ̀nà jíjìn tọ ìyá wọn wá, àwọn ìyá sì ń fún wọn ní èsì tó ní iṣẹ́ nínú: ṣí i, gbé e lọ, kà á. Ọmọ tó jókòó sójú kan tó gbé nǹkan sókè kì í rí irú èsì bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Eric Walle àti Joseph Campos sọ ní 2014 pé àwọn ọmọ tó ti ń rìn ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu àti lágbọ̀ọ́yé ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ṣì ń rá lọ, kì í ṣe pé oje kan ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè lọ sí ahọ́n. Wọ́n tún rí i láàárín àwọn ọmọ Ṣáínà, tí ìrìn wọn pẹ́ ju ti ọmọ Amẹ́ríkà lọ. Gbogbo ìwádìí kọ́ ló bá tiwọn mu, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ dìde tipátipá nítorí ọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá rìn wá, tí kò bá ẹni tí yóò dá a lóhùn, ìrìn náà parí sí ìrìn.

Ọwọ́ tún wà níbẹ̀. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka. Iverson àti Susan Goldin-Meadow fi hàn ní 2005 pé nǹkan tí ọmọ bá ń tọ́ka sí lónìí ni orúkọ rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí i lẹ́nu ní oṣù mélòó kan sí i. Ọmọ tó tọ́ka sí fìlà lórí ìṣó, tó sì wí pé "bàbá," ti sọ ọ̀rọ̀ méjì, ìka ló fi sọ ọ̀kan. Ìdàpọ̀ ìka àti ẹnu yìí ló ń ṣíwájú ìgbà tí yóò lè fi ẹnu nìkan so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ní ilẹ̀ wa, Ọlánìkẹ́ Ọlá Orie ti kọ̀wé ní 2009 lórí bí Yorùbá ṣe ń tọ́ka, tó fi mọ́ fífi ètè àti orí tọ́ka, àti òfin ọwọ́ òsì. Èmi náà ò ní fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí àgbà. Àmọ́ mo ti rí àgbà tó gbá ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ òsì nígbà tó ń tọ́ka sí ẹyẹ. Ẹ dá ọmọ lóhùn ná. "Ẹyẹ ni, ó ti fò lọ." Ọwọ́ ọ̀tún á yé e níwájú, ìgbà tó bá ti lóye ìbáwí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan Ọ̀tà gan-an nìyí. Ìlú ilé iṣẹ́ ni. Ṣíìfù àárọ̀ wà, ṣíìfù alẹ́ wà, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ń fi ilé sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ mọ bí ìdajì wákàtí yẹn ṣe máa ń rí. Nítorí náà, ọwọ́ ìyá àgbà tàbí ọwọ́ kíréèṣì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń kọ́ ìjókòó, ìrìn àti ọ̀rọ̀. Olùtọ́jú kan tó ní ọmọ mẹ́jọ lọ́rùn, mi ò ní dá a lẹ́bi tó bá fẹ́ kí olúkúlùkù wọn wà lójú kan. Àga tó ní okùn wà. Wọ́kà wà, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti Sàngó dé ọ̀nà Ìdírókò. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan ìyá jẹ. Andrea Siegel àti Roger Burton rí i ní 1999 pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń lo irú rẹ̀ ló pẹ́ kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n tó rá, kí wọ́n tó rìn. Kánádà fòfin dè é ní 2004 nítorí àwọn ọmọ tó ń bá a já láti orí àtẹ̀gùn. Owó rẹ̀ tó ra kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tí wọ́n lè tẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì tútù, kí ọmọ máa yí, kó máa rá, kó máa di ògiri mú.

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ìpọ̀n ń dí ọmọ lọ́wọ́. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ń rí ojú àwọn tí ìyá ń bá sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, ọrùn rẹ̀ sì ń gbé orí. Kí ó ṣáà máa sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni fóònù tí wọ́n fi ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́, àti jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́nu fèrèsé yàrá kíréèṣì láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ á wí bà-bà-bà nínú ariwo náà, kò ní gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa, olùtọ́jú náà kò sì ní gbọ́ ọ.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí ìyá bẹ̀rù? Àlàfo ìgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sílẹ̀ gbòòrò: ìjókòó láìdì mú, láti oṣù 3.8 sí 9.2, ìrìn láìdì mú, láti oṣù 8.2 sí 17.6. Ọmọ oṣù 15 tí kò tíì rìn, àmọ́ tó ń tọ́ka, tó ń yíjú bí wọ́n bá pè é, tó sì ń gbọ́ "gbé e wá," kì í ṣe ọmọ tí à ń torí rẹ̀ gbààwẹ̀. Èyí tó ń rìn káàkiri, tí kì í yíjú sí ìpè, tí kì í tọ́ka, ni kí wọ́n tètè gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Kimbrough Oller àti Rebecca Eilers ti sọ láti 1988 pé àwọn ọmọ tó ń gbọ́ran máa ń ṣe bà-bà-bà kó tó di oṣù 11, nígbà tí àwọn adití máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe abẹ́ ahọ́n. Ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun gé nǹkan ní ẹnu ọmọ kó lè sọ̀rọ̀, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níwájú rẹ̀.

Àìsàn kan tún wà tó ń mú ẹsẹ̀ àti ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Bí ojú àti ara ọmọ bá pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ tí wọn kò tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ibi tó ń darí ara jẹ́ nínú ọpọlọ, kó sì ba ìgbọ́ràn jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kò lè fara da káfúrà tí a ń kó sínú aṣọ wọn. Ó ń mú kí ibà náà le. Gbígbé ọmọ sóòrùn àárọ̀ kò lè rọ́pò iná tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ kó tó jókòó, kó sì pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kan ló fa èkejì.

Dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti fi hàn ní Èkó, nínú àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 2008, pé a lè yẹ etí ọmọ wò níbi tí ìyá ti ń gbé e wá gba abẹ́rẹ́ BCG. Bí kò bá tilẹ̀ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìlera àdúgbò, káàdì àjẹsára fún ìyá ní ọjọ́ tó mọ́: oṣù kẹsàn-án, fún abẹ́rẹ́ èèyi àti ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀, àti oṣù 15, fún abẹ́rẹ́ èèyi kejì. Bí nọ́ọ̀sì bá ti fún ọmọ lábẹ́rẹ́ tán, kí ìyá má tíì dìde. Ní oṣù kẹsàn-án, kó sọ bóyá ọmọ ń jókòó, bóyá ó ń ṣe bà-bà-bà, bóyá ó ń yíjú sí ohùn. Ní oṣù 15, kó sọ ti ìka títọ́ka àti ti gbígbé nǹkan wá. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, àti Federal Medical Centre ní Ìdí-Abà, Abẹ́òkúta, wà lára ibi tí dókítà etí àti onífisioterápì wà. Kí wọ́n tètè jáde láàárọ̀, kí wọ́n sì mú káàdì náà dání.